Ọpọ́n Tí Kì Í Purọ́

Ìjà kọ́ ni Ìbísọ́lá Adésànmí fi gba àṣẹ náà. Sùúrù ni. Ó jókòó ní gbọ̀ngàn Ilé-iṣẹ́ Ìtùnú Àlejò títí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi ń bi í léèrè bí àwọn ará ilé ti ń ṣe. Ó rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀ mẹ́ta: èkíní tú ká kí ó tó parí ọ̀rọ̀, èkejì sùn lọ, ẹ̀kẹta ní kí ó padà wá. Ó padà lọ. Ó fi ìmọ̀ ìtàn tí ó kà ní yunifásítì ṣàlàyé fún wọn pé àwọn baba ńlá wa kò fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ta ayò rí, pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni iyọ̀ ayò, àti pé ẹni tí a kò bá lè pa láyò, a kò tíì bá a ṣeré. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fún un ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí gbà láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Ìdí-Àgbọn dó sórí òkun: ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo tí òfin gbà á láàyè láti pa àlejò láyò, kí ó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ara rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọ̀hún ló dé yìí.

Oòrùn ń rọ̀ sí apá Bàdágìrì. Òkun ń kún, òpópónà Ìdí-Àgbọn sì ń gòkè pẹ̀lú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa tí ń dìde lórí àga fún àgbà. Ilé ìgbádùn tò lọ ní ọ̀tún àti ní òsì, àwọn ẹ̀wọ̀n tí a fi so wọ́n mọ́lẹ̀ ń ké wíní-wíní lábẹ́ omi. Ní èbúté, ọkọ̀ ojú omi ìrọ̀lẹ́ ti ń já àwọn èrò rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀gbà àlejò sí i ní ọrùn ọwọ́, tí ẹ̀gbà náà sì ń tàn ní àwọ̀ ewé tútù níwọ̀n ìgbà tí inú ẹni náà bá dùn. Láti orí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, Ìbísọ́lá rí wọn bí wọ́n ti ń bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ìmọ́lẹ̀ tútù wọ̀nyẹn ń fì síwá sẹ́yìn.

Láti ilé kejì, ohùn dídùn kan ta jáde. "Ẹ ti pa mí o! Ọ̀ta ni yín! Irú yín ṣọ̀wọ́n!"

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀rẹ́-Àlejò ni. Òun ni ó ń bá àwọn àlejò ta ayò ní gbogbo àdúgbò náà, kò sì pa ẹnikẹ́ni rí.

"Ta ló pa á lọ́tẹ̀ yìí?" ni Ìbísọ́lá béèrè.

"Ọmọdé kan ni," ni Múfú dáhùn. "Ó kó ọmọ ayò mẹ́ta sẹ́nu, ìyá rẹ̀ ń fi ìka yọ ọ́. Ẹ̀rọ náà sì ń kí i kú oríire."

Múfú ni igbákejì rẹ̀. Apẹja ni tẹ́lẹ̀, kí ó tó rí i pé ẹnu òun ń pa ju àwọ̀n òun lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé yìí ni kí ó dúró ti ọpọ́n, kí ó gbè sẹ́yìn ẹni tí ń borí, kí ó sì máa fi ẹni tí ń fìdí rẹmi ṣẹ̀sín. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù tí àṣẹ kò tíì dé, ògiri nìkan ni ó ń bú.

Ọ̀gbẹ́ni Láwúyì, òṣìṣẹ́ Ìtùnú Àlejò tí wọ́n rán wá, ti jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aṣọ rẹ̀ gún bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti lọ̀ ọ́. Ó wo ọpọ́n ayò tí ó wà láàrin gbọ̀ngàn, igi ìrókò tí ọwọ́ ti fọ̀ títí ó fi ń dán, ó sì wò ó bí ẹni tí ń wo ajá tí wọ́n sọ fún un pé kì í gé ènìyàn jẹ.

"Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kí ọ̀rọ̀ má bàa di àríyànjiyàn," ni ó wí. "Àlejò àkọ́kọ́ tí ó bá gun àtẹ̀gùn yín lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, òun ni ẹ óò bá ta. Ẹ kò gbọdọ̀ yàn án, ẹ kò sì gbọdọ̀ lé e. Bí ẹ̀gbà rẹ̀ bá tutù títí dé òpin, ilé yín di ilé àṣẹ, ẹ lè máa pa àlejò láyò lójoojúmọ́. Bí ó bá rẹ̀ dòdò bí ọsàn, ìkìlọ̀ nìyẹn. Bí ó bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, èmi fúnra mi ni n óò ti ìlẹ̀kùn yìí, kò sì sí ẹni tí yóò ṣí i mọ́."

"Kò sí ẹni tí yóò bínú níbí," ni Ìbísọ́lá wí.

"Gbogbo ènìyàn ló ń bínú, Màdáámù. Ìdí tí a fi ṣe òfin nìyẹn."

Múfú na ọwọ́ sí òpópónà. "Ọ̀gá, ẹ wò ó. Ẹran wa ń bọ̀."

Ọkùnrin oníkùn ńlá kan ni, ará Ìbàdàn, tí ó gbé àmì-ẹ̀yẹ tí Ọ̀rẹ́-Àlejò fún un sí àyà bí olóyè. Ó ń rìn bọ̀ wá tààrà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá pàdé pé òun kò mọ̀ pé òun mọ ayò tó bẹ́ẹ̀. Ọkàn Ìbísọ́lá balẹ̀. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ dára fún yẹ̀yẹ́. Oòrùn fi etí kan òkun, ó sì wọ̀.

Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ láti tẹ àtẹ̀gùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi, ẹsẹ̀ ń ro mí."

Obìnrin àgbà kan ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ó fi apẹ̀rẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì gun àtẹ̀gùn náà láìwo ẹ̀yìn. Múfú ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ó rí i pé ọ̀gá òun ti wà lórí eékún.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ni, Màmá Ẹ̀pẹ́.

"Ìyàwó mi," ni Màmá Ẹ̀pẹ́ wí.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ ò sọ fún wa pé ẹ ń bọ̀."

"Bí mo bá sọ, wàá gbálẹ̀. Mo fẹ́ rí bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí o kò bá gbálẹ̀." Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó wo òrùlé, ó wo ìsàlẹ̀, ó wo Múfú. "Dọ̀tun sọ fún mi pé iṣẹ́ tí ìyàwó òun ń ṣe ni kí ó máa bú àlejò. Mo ní irọ́ ni, ọmọ tí mo mọ̀ kò lè bú adìyẹ. Mo wá fojú ara mi rí i."

Ọ̀gbẹ́ni Láwúyì ti dìde. "Ẹ kú ìrìn, Màmá. Ẹ̀yin ni àlejò tí a ó fi dán ilé yìí wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá jókòó."

Ìbísọ́lá fa Láwúyì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá ọkọ mi nìyẹn."

"Ó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó wọ ẹ̀gbà. Àlejò ni lójú òfin."

"Ọ̀gbẹ́ni Láwúyì, ṣé ẹ ti gbéyàwó?"

"N kò tíì gbé."

"Mo mọ̀."

"Ẹ lè dá àṣẹ náà padà," ni ó wí, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. "Ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́."

Ìbísọ́lá wo ọpọ́n náà. Láti ọjọ́ tí ó ti wọ ìdílé Adésànmí, kò pe ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ní orúkọ rí. Àbíkẹ́yìn ilé, tí kò tíì lè so okùn bàtà rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, Bàbá Kékeré ni ó ń pè é títí di òní. Ẹni tí kò lè pe ọmọdé ní orúkọ ni wọ́n ní kí ó jókòó kí ó pe ìyá ilé ní ọ̀pẹ, ẹni tí kò mọ ayò ta, lójú gbogbo ayé. Bí ó bá sì kọ̀, ẹ̀rọ tí ń purọ́ fún àlejò ni yóò máa jọba ní Ìdí-Àgbọn títí láé.

Èrò kan sì yọ sí i lọ́kàn, èrò tí ó rọrùn tí ó sì ní ọ̀wọ̀. Òun yóò fi ayò náà sílẹ̀ fún Màmá. Láwúyì kò mọ ayò. Kò ní mọ̀. Màmá yóò borí, inú rẹ̀ yóò dùn, ẹ̀gbà yóò tutù, àṣẹ yóò wá sọ́wọ́, ìyàwó ilé yóò sì ti ṣe ohun tí ìyàwó ilé ń ṣe. Bí ó ti ń jókòó, ó ti dúpẹ́ nínú ara rẹ̀.

Wọ́n to ọmọ ayò. Àwọn àlejò yí wọn ká. Ọkùnrin Ìbàdàn gba ààyè ní iwájú pẹ̀lú àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀. Màmá Ẹ̀pẹ́ ká apá aṣọ, ó sì ta ọwọ́ àkọ́kọ́ láìronú, ọmọ ayò ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí òjò tí kò kánjú.

"Màmá, ẹ rọra," ni Múfú bẹ̀rẹ̀. "Ọpọ́n ni, kì í ṣe ọlọ."

Gbogbo ojú lọ sí ẹ̀gbà. Ó tutù bí ewé gbúre.

"Ọmọ yìí kò lẹ́kọ̀ọ́," ni Màmá Ẹ̀pẹ́ wí. "Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ta ló bí i?"

"Apẹja ló bí mi, Màmá."

"Ó hàn. Ẹnu rẹ là sílẹ̀ bíi ti ẹja tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sókè."

Ìbísọ́lá ta, ó sì fi ilé kan lórí ọpọ́n sílẹ̀ láìṣọ́. Màmá Ẹ̀pẹ́ wọlé, ó jẹ. Ó tún ta, ó tún fi òmíràn sílẹ̀. Màmá tún jẹ. "Ẹ káre, Màmá," ni ó ń wí ní gbogbo ìgbà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà kẹta, ó gbójú sí ojú fèrèsé bí ẹni pé òkun ni ó ń wò, ó sì ta ọmọ ayò tí ẹnikẹ́ni tí ó ní ojú kò gbọdọ̀ ta.

Màmá Ẹ̀pẹ́ kò jẹ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè ọpọ́n. Ẹ̀gbà rẹ̀ ṣú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ dòdò bí ọsàn.

"Ẹ dúró," ni Láwúyì kígbe. "Ó ti ń rẹ̀. Ẹ̀yin, ẹ pa ẹnu yín mọ́." Múfú ni ó ń bá wí. "Màdáámù, ẹ tọrọ àforíjì kíákíá."

Ìbísọ́lá ti wà lórí eékún. "Màmá, ẹ foríjì wá. Ọ̀rọ̀ ọlọ àti ọ̀rọ̀ gbogbo tí Múfú sọ, ẹ má jẹ́ kí ó…"

Ẹ̀gbà náà tún rẹ̀ sí i. Ó kù díẹ̀ kí ó pọ́n. Ẹnì kan nínú àwọn àlejò fi ọwọ́ bo ẹnu. Láwúyì mú kọ́kọ́rọ́ jáde, kì í ṣe pé ó fẹ́ mú un jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó mú un.

"Kí ni o kúnlẹ̀ fún?" ni Màmá Ẹ̀pẹ́ béèrè.

"Ọ̀rọ̀ tí Múfú sọ, Màmá."

"Múfú ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìwọ ni mò ń wò." Ó fi ìka kan ilé tí Ìbísọ́lá fi sílẹ̀. "O rí èyí. Mo rí ọ bí o ti rí i. O wá ń wo òkun. Ṣé òkun ni wọ́n ní kí o bá mi ta?"

Ìbísọ́lá tẹrí ba. Màmá Ẹ̀pẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Nígbà tí mo wọ ilé ọkọ, ìyá ọkọ mi pa mí láyò títí mo fi ń sunkún sínú ọbẹ̀. Ó ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọbẹ̀ mi kì í fẹ́ iyọ̀. Ọjọ́ tí mo pa á, inú rẹ̀ dùn títí ó fi pa ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ wá kọ̀ tí ojú rẹ̀ ń ṣú lọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayò sílẹ̀ fún un, gbogbo wa. Ó mọ̀. Kò pẹ́ sí i ni ó lọ." Ó gbé ojú sókè. "Ẹni tí ń lọ ni à ń fi ayò sílẹ̀ fún. Sọ fún mi, ìyàwó mi. Ṣé mo ti ń lọ ni?"

Ní ilé kejì, Ọ̀rẹ́-Àlejò ń sọ fún ẹlòmíràn pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ìgbà náà ni Ìbísọ́lá mọ ohun tí ó ti ṣe. Ó ti fi gbogbo oṣù wọ̀nyẹn bá àwọn ìgbìmọ̀ rojọ́ nítorí ẹ̀rọ tí ń tan àlejò jẹ, òun fúnra rẹ̀ sì ti di ẹ̀rọ náà, ó sì pè é ní ọ̀wọ̀. Ó dìde lórí eékún. Ó nu yanrìn kúrò lára aṣọ rẹ̀ láìkánjú, ó sì jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ gún bí òpó.

"Ẹ jẹ́ kí a tún un tò, Màmá."

"Rárá o. Máa bá a lọ láti ibi tí o ti bà á jẹ́ dé."

"Ó dára." Ó wo ọpọ́n dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ náà. Ohun tí ó rí kò dára, ṣùgbọ́n kò kọjá àtúnṣe. Ó bu ilé kan, ó ta á, ó sì jẹ méjì lábẹ́ imú ìyá ọkọ rẹ̀. "Ẹ kú àṣejù, Màmá. Ohun tí mo fún yín ní ọ̀fẹ́, ẹ rò pé ọwọ́ yín ló wá a."

Múfú dì mọ́ òpó.

Ẹ̀gbà náà rọ̀. Kò tíì tutù, ṣùgbọ́n ó rọ̀.

"Ẹ̀hẹn," ni Màmá Ẹ̀pẹ́ wí, ó sì fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ọpọ́n. "Ahọ́n wà lẹ́nu rẹ. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo ti rò pé eyín nìkan ni Dọ̀tun fẹ́."

Ayò wá bẹ̀rẹ̀. Màmá ta, Ìbísọ́lá ta, ọmọ ayò ń dún lára igi kò-kò-kò. Màmá jẹ mẹ́ta, ó sì bi àwọn òǹwòran bóyá ọmọ tí ó jókòó síwájú òun ti jẹun láti àárọ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń wárìrì. Ìbísọ́lá dáhùn pé òun ti jẹun, pé ilé Màmá ni òun ń jẹ lọ́wọ́. Ó ń kó ọmọ ayò jọ sí ilé kan ní ìpẹ̀kun ọwọ́ òsì rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kò sì fi ọwọ́ kàn án, bí ó tilẹ̀ ti di òkìtì. Màmá rí i. Ó ń sá yí i ká bí ẹni tí ń sá fún ajá tí a so.

"Òkìtì kí ni o ń kó jọ síbẹ̀ yẹn?" ni ó béèrè. "Ṣé o fẹ́ kọ́lé ni?"

"Mo fẹ́ fi dí ihò tí ó wà lára ayò yín, Màmá. Yanrìn òkun ni mo kọ́kọ́ fẹ́ lò, kò tó."

Ọkùnrin Ìbàdàn rẹ́rìn-ín títí àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ fi ń lu àyà rẹ̀. Ẹ̀gbà ti tutù padà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń wò ó mọ́ àyàfi Láwúyì.

Màmá Ẹ̀pẹ́ na ìka sí Ìbísọ́lá. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará. Ọmọ yìí tí ń fọ́nnu, ẹja àkọ́kọ́ tí ó sè fún wa ní ilé, kò họ ìpẹ́ rẹ̀. Òun àti ìwé gíga tí ó kà. Ìpẹ́ ẹja yẹn ṣì wà lọ́fun mi títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí."

Ẹ̀rín gba ilé náà kan. Ojú Ìbísọ́lá gbóná. Ọ̀rọ̀ ẹja yẹn, a kì í sọ ọ́ níta. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọ́ nínú ilé, òun a sì fi orí balẹ̀. Ó bu òkìtì náà, gbogbo rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kún. Ó ń tú u sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan yí ọpọ́n ká, ó sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù, kò yára.

"Màmá, ẹ dì í mú dáadáa, ìpẹ́ ẹja yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ó bọ́. Nítorí bí ayò yìí ti ń lọ, òun nìkan ni ohun tí yóò kù lára yín tí ẹ óò fi bo ìhòòhò."

Ọmọ ayò ìkẹyìn já sí ilé Màmá. Ìbísọ́lá jẹ ẹ́. Ó jẹ èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ó jẹ èyí tí ó ṣáájú ìyẹn.

Ìyàwó ilé ti sọ ọ̀rọ̀ ìhòòhò sí ìyá ọkọ rẹ̀ lójú àlejò, kò sì sí òjò tí yóò fọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Láwúyì na ọrùn láti wo ẹ̀gbà.

Màmá Ẹ̀pẹ́ wo ìhà tirẹ̀ lórí ọpọ́n. Ó wò ó láti òpin dé òpin. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, lẹ́yìn náà ikùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ọpọ́n mú kí ó má bàa ṣubú. Ẹ̀rín náà kò kọ́kọ́ ní ohùn. Nígbà tí ohùn rẹ̀ dé, wọ́n gbọ́ ọ ní èbúté. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ tàn títí ó fi sọ ojú gbogbo wọn di àwọ̀ ewé.

"Ìhòòhò!" ni ó ń wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi, ìyá Dọ̀tun!"

"Ọ̀pẹ ni yín, Màmá," ni Ìbísọ́lá wí jẹ́jẹ́. "Ẹ ṣe é, ẹ dìde fún ẹlòmíràn."

Ọkùnrin Ìbàdàn ti yọ àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ kúrò lọ́rùn, ó ń fi í sápò bí ẹni tí ń fi ohun tí ó jí pamọ́. Ó bi Múfú léèrè, pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀, bóyá wọ́n lè bú òun náà.

"Irú ikùn yìí?" ni Múfú wí, ó ń wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Bàbá, láti ìgbà tí ẹ ti bọ́ nínú ọkọ̀ ni mo ti ń tọ́jú tiyín."

Àwọn àlejò ti ń jáde láti ilé kejì wá wo ohun tí ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Láwúyì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà sápò. Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ òpó ìlẹ̀kùn, iná tí ó wà lókè rẹ̀ sì yí padà sí funfun báláú, iná ilé àṣẹ, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì tan rí ní òpópónà náà nítorí ayò. "A kò rí i kà nínú òfin pé ọ̀wọ̀ lè bí ènìyàn nínú," ni ó wí, bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "N óò sọ fún wọn." Lẹ́yìn náà ó béèrè ibi tí ìlà àwọn tí ń dúró de ọpọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbísọ́lá sin ìyá ọkọ rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ibi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń wọlé. Ó gbé omi fún un. Ó tún kúnlẹ̀, nítorí wọn kò sí níwájú ọpọ́n mọ́.

"Màmá, ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn…"

"Kí ni ó ṣe é? Ó dára. N óò lò ó fún ìyá ìjọ wa." Màmá Ẹ̀pẹ́ mu omi, ó sì nu ẹnu rẹ̀. "Ìjọba ti ṣe tirẹ̀, ó ti fún ọ ní iná. Tèmi ló kù. Ayò tí a ta yìí, ìdajì rẹ̀ ni mo gbà. Ìdajì àkọ́kọ́, ìyàwó mi kọ́ ló bá mi ta á, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ yín ni. N kò lè gbé ìdajì ayò lọ sílé, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè gbà kí a pa mí láyò ní ìdajì."

"Kí ni kí n ṣe, Màmá?"

"Wá sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yìnkùlé mi, ọpọ́n mi, lọ́sàn-án gangan, gbogbo ará ilé yóò jókòó, Bàbá Kékeré pàápàá. Kí o pa mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tàbí kí n pa ọ́."

"Mo gbọ́, Màmá."

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìbísọ́lá Adésànmí kò jẹ Ilé-iṣẹ́ Ìtùnú Àlejò ní ohunkóhun mọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó jẹ ní gbèsè: odindi ayò kan, ní Ẹ̀pẹ́, kò sì gbọdọ̀ fi ọmọ kan sílẹ̀ fún un.